Ìjàpá Fa Ilé Kọjá Odò Wouri

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò dá lé igi, kò dá lé ọ̀pẹ, ó dá lé Ìjàpá Alábahun, ọkọ Yánníbo, tó kúrò nílé lọ ṣòwò ní Douala, tó sì pẹ́ ní New Bell, àdúgbò àwọn àlejò, títí ó fi jẹ́ pé èdè Faransé ló fi ń bínú, Yorùbá ló fi ń yá owó.

Ìjàpá ní ilẹ̀ kan ní Bonabéri, lódìkejì odò Wouri. Ọdún mẹ́rin ni ilẹ̀ náà fi ń hu koríko, nítorí iye tí bíríkìlà ń dá lé ilé kì í bá Ìjàpá lára mu. Ní ọjọ́ kan ó rìn dé tòsí èbúté, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù tòkùnbọ̀ láti Yúróòpù: fíríìjì, bẹ́ẹ̀dì, kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ọkọ̀ tí òyìnbó ti gùn títí ó fi sú u. Láàárín wọn ló ti rí ilé kan tó dúró lórí táyà méjì. Ó ní fèrèsé, ó ní ibùsùn, ó ní sítóòfù, ó ní àwo ìfọwọ́. Àwọn Faransé ń pè é ní caravane. Òyìnbó a máa fi ọkọ̀ fà á lọ sí etíkun lásìkò ìsinmi. Bí owó bá tán, wọn a fà á padà.

Ìjàpá yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sáré lọ pe ìyàwó rẹ̀.

"Yánníbo, mo ti rílé!"

"Ilé wo? Ìwọ tí o ti ń pọ̀n ilé kiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ?"

"Èyí tí mo pọ̀n kò ní fèrèsé."

Mílíọ̀nù 2 faranki CFA ni wọ́n ní kó san. Ìjàpá kà á, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó san ti àwọn aṣọ́bodè, ó san ti agbódegbà, ó san ti ẹni tó ní òun ló ń ṣọ́ ilé náà láti ọjọ́ tó ti dé. Gbogbo èyí ló fi ẹ̀rín san. Ẹ jẹ́ ká fi owó ńlá sílẹ̀, kò tíì sí ẹni tí owó ńlá pa. Ẹ wá wò ó nígbà tó kan owó kékeré.

Ìgbín ló kọ́kọ́ rí ilé náà kó tó kúrò lójú kan. Ìgbín ti ń gbé ilé kiri kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan táyà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ilé tó ń rìn, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ó wo ilé náà wò, ó wo Korólà aláwọ̀ ìyeyè tí Ajá fi ń ṣe takisí, èyí tí Ìjàpá fẹ́ fi fà á, ó sì mi ìwo orí rẹ̀ méjèèjì.

"Alábahun, ilé wíwọ́ kò dà bí ilé pípọ̀n. Èyí tá a bá pọ̀n, a kò lè gbàgbé rẹ̀ sọ́nà. Èyí tá à ń wọ́, ojú kan ṣoṣo ló ti so mọ́ni. Bí ojú kan náà bá tú, ó ti di ti ẹlòmíràn nìyẹn."

"Ó so dáadáa," ni Ìjàpá wí.

Ìgbín fà lọ sábẹ́. Láti Yúróòpù ni ilé náà ti wá. Ẹnu irin tó wà nímú rẹ̀, bọ́ọ̀lù irin tó fẹ̀ tó mìlímítà 50 ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí wọ́n jó mọ́ ìdí Korólà Ajá, ti Amẹ́ríkà kékeré ni, mìlímítà 47 àti ààbọ̀ pẹ̀lú díẹ̀. Ọ̀bọ tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ndokoti ní èyí tó bá a mu gẹ́lẹ́, ẹgbẹ̀rún 25 ló pè é. Ìjàpá ní kò burú, ti ọwọ́ òun náà wọlé.

"Fìlà tó bá ju orí lọ náà máa ń wọlé," ni Ìgbín fèsì. "Afẹ́fẹ́ ló máa ń sọ ìyókù."

Ó wo ara táyà. Ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, kò tíì jẹ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́rin kan wà létí rẹ̀: 0911. Ó ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é, pé rọ́bà máa ń gbó bí kò bá tilẹ̀ rìn. Ìjàpá ní ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀wọ̀n.

"Ra ẹ̀wọ̀n méjì," ni Ìgbín wí, "kí o gbé wọn ní ìgbélébùú lábẹ́ ẹnu irin yẹn, kí o fi wọ́n kọ́ ara Korólà. Bí bọ́ọ̀lù bá yọ, imú ilé yóò balẹ̀ sórí ẹ̀wọ̀n, kò ní gún ọ̀dà, kò sì ní lọ. Ẹgbẹ̀rún 15 péré ni."

Ìjàpá bínú, ó sì ń fi Faransé bínú. "Ẹ̀wọ̀n? Èmi? Ẹni tó ra ilé láàárọ̀ yìí lo ń dárúkọ ẹ̀wọ̀n fún? Wọn kò fi bàbá mi sẹ́wọ̀n, wọn kò ní fi èmi náà!"

Ó kù díẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nímú ilé yẹn, tó yẹ kí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ tó ń fà á. Bí ilé bá já, wáyà náà yóò fa bíréèkì ilé kí òun fúnra rẹ̀ tó já. Ìjàpá ti tú u, ó ti fi so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ìdí ilé. Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló kó àpò ìrẹsì sí, ó to ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e, ó gbé fíríìjì tì í. Ìgbín ní ẹrù tó wúwo, orí táyà ló yẹ kó wà, kó fi díẹ̀ tẹ̀ síwájú, kí imú ilé lè tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fà á bí wọn kò bá rí kílò 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí imú yẹn. Ìjàpá ní kó fi àwọn ará Amẹ́ríkà sílẹ̀: ẹrù tó wà lẹ́yìn ni yóò máa ti ọkọ̀ lọ síwájú, epo yóò sì dín kù.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mo mọ ẹni mẹ́ta tí wọ́n ní mọ́tò tó ju ilé wọn lọ, tí wọ́n sì ń yá jáàkì. Ẹ jẹ́ n máa bá àlọ́ mi lọ.

Ìgbín bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dá orin:

Lílé: Alábahun, ẹ̀wọ̀n dà o?
Ègbè: Gìrìgìrì, ó ń yí bọ̀!
Lílé: Ilé tá a wọ́ tá ò so mọ́ra
Ègbè: Gìrìgìrì, ó ń yí bọ̀!
Lílé: Imú rẹ̀ gòkè, ìdí rẹ̀ wálẹ̀
Ègbè: Gìrìgìrì, ó ń yí bọ̀!
Lílé: Bó bá já, ta ni yóò mú un?
Ègbè: Gìrìgìrì, ó ń yí bọ̀!

"Ìwọ nìkan ló ń kọ ọ́," ni Ìjàpá wí. Ìgbín ní kí wọ́n máa lọ, òun yóò máa rìn bọ̀.

Oṣù Agẹmọ ni. Ẹ̀yin tó ti gbé Douala mọ òjò oṣù Agẹmọ. Omi tó ń rọ̀ sí ìlú náà lọ́dún, bí wọ́n bá dá a dúró sójú kan, yóò sún mọ́ mítà 4, apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ó sì máa ń dà sílẹ̀ láàárín oṣù Òkúdu sí Ọ̀wẹ́wẹ̀. Ajá jókòó sídìí sítíárì, Yánníbo jókòó tì í. Ìjàpá kò bá wọn jókòó. Inú ilé rẹ̀ ló wọ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ó fa kọ́tìnnì, ó ń juwọ́ sí aráyé láti ojú fèrèsé. Ìgbín ti sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kì í wà nínú rẹ̀ bó bá ń rìn. Kí wá ni fèrèsé wà fún?

Wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ Ìnàkí. Àwọn tó wọ kaki lójú títì wọ̀nyí, ará ìlú ní orúkọ kan fún wọn ní Faransé tó túmọ̀ sí Jẹ-Ẹgbẹ̀rún, nítorí ẹyọ owó bébà kan ni wọ́n mọ̀ jù. Ìnàkí àkọ́kọ́ béèrè ìwé aṣọ́bodè. Ìkejì béèrè ohun ìpaná àti àpótí oògùn. Ìkẹta ronú jinlẹ̀. Ó ní, "Ṣé ilé ni àbí ọkọ̀? Bó bá jẹ́ ilé, ìwé ilẹ̀ rẹ̀ dà? Bó bá jẹ́ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà?" Ìjàpá na ẹgbẹ̀rún kan láti ojú fèrèsé, ilé náà di ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí i po, wọ́n gbá a lára, wọ́n yìn ín. Kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wo ojú ìsopọ̀.

Ní oríta Deïdo, ère kan wà níbẹ̀ tó ga tó mítà 12. Joseph-Francis Sumégné ló ṣe é, ní 1996, La Nouvelle Liberté ni wọ́n ń pè é. Àlòkù ni gbogbo ara rẹ̀, ohun tí ìlú ti jù nù. Nígbà tí wọ́n gbé e dúró, ariwo pọ̀, ọ̀pọ̀ ní ó burẹ́wà. Mi ò bá wọn dá sí i. Ohun tí mo rí ni pé òjò gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ń lù ú, ó ṣì wà lórí ìdúró, nítorí ẹni tó kó àlòkù yẹn jọ mọ bí wọ́n ṣe ń so nǹkan mọ́ nǹkan. Ìjàpá juwọ́ sí i.

Ajá ya sọ́wọ́ ọ̀tún bí ìgbà tó bá dá wà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ilé tá à ń fà kì í tẹ ojú ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń fà á? Ó máa ń gé kọ̀rọ̀ ni. Táyà ilé gun etí títì, ó kọjá lórí igbá Adìyẹ tó ń ta miondo, gbágùúdá lílọ̀ tí wọ́n fi ewé dì ní tẹ́ẹ́rẹ́. Adìyẹ fò sókè.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n tó wà lójú fèrèsé! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá san owó ọjà mi!"

Ajá fẹ́ fà sẹ́yìn. Ó yí sítíárì sọ́tùn-ún, ìdí ilé lọ sósì. Ó yí i sósì, ìdí ilé lọ sọ́tùn-ún, ó sì ká ọlọ́kadà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní bendskin mọ́ ara ògiri. "Bàbá, ilé yín kò gbọ́ràn," ni Ajá wí. Yánníbo ló sọ̀ kalẹ̀ san owó miondo, nínú owó ọbẹ̀.

Wọ́n gun afárá. Méjì ló wà lórí Wouri báyìí, ti àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1950, àti ti tuntun tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní 2017. Ojú ọ̀nà mọ́, Ajá fi ẹsẹ̀ tẹ epo. Ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kan ń bọ̀ láti Bonabéri, ó kọjá fìì, atẹ́gùn rẹ̀ gbá ilé náà létí. Ìdí ilé mì díẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó mì sósì, ó ju díẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀, ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìgbín ti ní bírú èyí bá dé, kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, kó di sítíárì mú gbọin-gbọin, kó má tẹ bíréèkì, títí ara ilé yóò fi balẹ̀. Ajá kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ìjàpá tó gbọ́ ọ wà lórí ibùsùn. Ajá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ilé fẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó bẹ̀rù, ó tún tẹ epo. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mì sọ̀kalẹ̀ afárá. Níbi tí afárá ti kan ilẹ̀ Bonabéri, kòtò kan wà tí òjò ti kún, a kò mọ ìdí rẹ̀. Korólà já sínú kòtò, ó fò jáde. Imú ilé tí kò wúwo tẹ́lẹ̀ gbéra sókè, fìlà bọ́ kúrò lórí.

Ọkọ̀ fúyẹ́ lójijì. Ajá ní, "Àdúrà ti gbà!" Ó sáré lọ.

Lílé: Alábahun, ẹ̀wọ̀n dà o?
Ègbè: Gìrìgìrì, ó ń yí bọ̀!
Lílé: Ó ti fi títì sílẹ̀ lọ
Ègbè: Gìrìgìrì, ó ń yí bọ̀!
Lílé: Ó ń juwọ́ lójú fèrèsé
Ègbè: Gìrìgìrì, ó ń yí bọ̀!

Ilé náà gba ẹ̀gbẹ́ títì, ó gba oko ẹ̀fọ́, ó wọ ẹrẹ̀ etí odò, ó rì dé fèrèsé. Fíríìjì já lé Ìjàpá lẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbà á là, ilé àtijọ́ yẹn.

Ó wọ́ jáde, ó lọ bẹ Erin. Erin ní òun yóò fà á, kó mú ẹ̀wọ̀n wá. Ìjàpá padà sí Ndokoti. Ìròyìn ti ṣíwájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀bọ. Ẹ̀wọ̀n ẹgbẹ̀rún 15 ti di ẹgbẹ̀rún 60. Ó rà á. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wọ́ ọ, nítorí kò sí takisí tó gbà á, ó sì bá Ìgbín lórí afárá, tó ń rìn bọ̀.

Nígbà tó fi máa dé etí odò, iná ń tàn nínú ilé rẹ̀. Edé ti kó wọ̀ ọ́, ìdílé lórí ìdílé, wọ́n sá aṣọ sójú fèrèsé.

"Ta ló fún yín láyè?" ni Ìjàpá kígbe. "Ilé mi ni!"

Àgbà Edé kan yọ irùngbọ̀n rẹ̀ síta. "Nígbà tí àwọn Potogí dé ibí yìí ní 1472, àwa ni wọ́n bá nínú omi, orúkọ wa ni wọ́n fi sọ odò, láti ara odò ni gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń jẹ́ Kamẹrúùnù. Bí àwọn Sawa, onílẹ̀ etí omi yìí, bá fẹ́ bá ará inú omi sọ̀rọ̀, wọn a dúró de ọdún Ngondo lóṣù Ọ̀pẹ, wọn a rán òmùwẹ̀ wá. Ìwọ wá lóṣù Agẹmọ, o gbé ẹ̀wọ̀n kọ́rùn." Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Àbí ìwọ ni onílé?"

"Èmi ni!"

"A ti ń wá ọ. Òrùlé ń jò, ilẹ̀kùn kò tì, fíríìjì kò ṣiṣẹ́. Ìgbà wo lo fẹ́ tún un ṣe?"

Òjò tún ṣú. Ìjàpá wo ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀, ó wo Erin tó ń padà lọ, ó fa orí wọ inú ilé tí kò ní fèrèsé.