Ọ̀gbẹ́ni Iṣẹ́-Ọnà-Ni

Ọ̀gbẹ́ni Iṣẹ́-Ọnà-Ni kì í ra ẹ̀gbà ọrùn. Bí ẹ bá bi í léèrè ohun tó wà nínú àpò aláwọ̀ búlúù ọwọ́ rẹ̀, yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò ní: “Ẹ̀gbà kọ́ o. Iṣẹ́ ọnà ni.” Bí ẹ bá tún bèèrè iye tó rà á, yóò wò yín bíi pé iye tí wọ́n ń ta ìyá rẹ̀ lẹ bèèrè.

Ibi tí irú rẹ̀ pọ̀ sí ni ilé ìtajà ohun ọ̀ṣọ́ Tiffany tó wà ní Fifth Avenue, ní ìlú New York. Láti 1940 ni ilé náà ti wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ LVMH ti ilẹ̀ Faransé ra Tiffany ní bílíọ̀nù 15.8 dọ́là. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, wọ́n tún ilé náà ṣí lẹ́yìn àtúnṣe ńlá, wọ́n sì sọ ọ́ ní The Landmark. Peter Marino ló ṣètò inú rẹ̀. Àwọn ayàwòrán-ilé OMA gbé àjà onígíláàsì lé e lórí. Iṣẹ́ ọnà Damien Hirst wà níbẹ̀, ti Julian Schnabel náà wà. Àwòrán Jean-Michel Basquiat tó ń jẹ́ Equals Pi, tó yà ní 1982, ni wọ́n gbé kọ́ sí ìsàlẹ̀, kí ẹni tó ń wọlé lè rí i.

Iwájú Basquiat yìí ni kí ẹ ti wo Ọ̀gbẹ́ni wa. Yóò fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀, yóò dẹ orí sí ọ̀tún, yóò fi ìka ti àgbọ̀n, yóò mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò yọ fóònù, yóò ya ara rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán, ó parí. Ó ti yí sí àpótí gíláàsì tí dáyámọ́ńdì wà. Níbẹ̀, kò fi ẹ̀yìn rìn mọ́ o. Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ẹ bi í ní ohun tí Basquiat kọ sára àwòrán, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í ní òṣùwọ̀n òrùka tó wà lápá òsì, kíá ni yóò dáhùn: “Ó lé díẹ̀ ní káráàtì mẹ́ta.”

Àwáwí rẹ̀ kì í tán. Ní òwúrọ̀, iṣẹ́ ọnà ni. Bí ìyàwó bá rí ìwé báńkì lọ́sàn-án, ó ti di ìdókòwò. Bí àbúrò tó ń wá owó ilé-ìwé bá pè nírọ̀lẹ́, ó di ogún tí òun ń tọ́jú de àwọn ọmọ-ọmọ tí a kò tíì bí. Ogún wo? Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lánàá, tí rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà lápò? Kí ó sì gbé ìdókòwò náà padà lọ sọ́jà, kí ó wá wo iye tí wọn yóò dá lé e.

Àwọn tó ń tà náà mọ̀ ọ́n. Ní 2021, Beyoncé àti Jay-Z dúró níwájú Equals Pi fún ìpolówó Tiffany. Alexandre Arnault, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Tiffany nígbà náà, ní òun rò pé Basquiat fi àwọ̀ búlúù inú àwòrán náà júbà ilé-iṣẹ́ àwọn ni. Àwọn tó bá Basquiat gbé, tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́, ní kò rí bẹ́ẹ̀. Basquiat fúnra rẹ̀ kò lè dá sí i. Ẹni ọdún 27 ni nígbà tó kú ní 1988. Ọ̀gbẹ́ni wa kò gbọ́ apá kejì ìtàn yẹn. Àwọ̀ náà bá àpò ọwọ́ rẹ̀ mu, ó ti tó.

Lókè ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà náà, ère Atlas gbé aago lé èjìká. Idẹ ni ojú ń rí. Igi ni, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún kó lè jọ idẹ. Kò sí ère tó bá àwọn tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Yóò sọ̀rọ̀ Audrey Hepburn àti fíìmù Breakfast at Tiffany’s ti 1961 títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò ní sọ pé nínú fíìmù náà, dọ́là mẹ́wàá ni Hepburn àti ọkùnrin tó bá a wọ Tiffany ní láti ná, tí wọ́n fi ní kí wọ́n bá àwọn fín lẹ́tà sára òrùka ọ̀fẹ́ tó jáde nínú páálí ìpanu.

Ìtàn gidi wà níbẹ̀, òun gan-an ni kò fẹ́ gbọ́. Inú ilẹ̀ Kimberley ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti wa Tiffany Diamond aláwọ̀ ìyeyè jáde ní 1877, káráàtì 287.42. Charles Lewis Tiffany rà á ní 18,000 dọ́là lọ́dún kejì. Wọ́n gé e títí ó fi ku 128.54. Orúkọ ẹni tó rà á wà lára rẹ̀ títí dòní. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń wa ilẹ̀ Kimberley, tí wọ́n ń bọ́ síhòòhò yẹ̀ wò ní àwọn ọdún 1880 kí wọ́n má baà jí òkúta, kò lórúkọ lára ohunkóhun.

Àwọn tiwa kò gbẹ́yìn. Wọ́n ń ti Èkó wá, wọ́n ń ti Houston wá, ẹnu wọn kò sì kúrò lórí pé láti 1837 ni ilé-iṣẹ́ yìí ti wà. Bẹ́ẹ̀ ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba wọn ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti hú ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti débẹ̀ rí. Wọn á ní ọ̀nà kò dáa.

Kò sẹ́ni tó ní kí ènìyàn má ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó so iyùn mọ́rùn láyé àtijọ́, ó fẹ́ kí wọ́n rí i ni, ó sì jó wọ àárín agbo kí wọ́n lè rí i. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń bí ni nínú ni ẹni tó fẹ́ kí á rí owó òun, tó tún fẹ́ kí á torí ẹ̀ pe òun ní ọ̀mọ̀wé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá dé New York, ẹ wọlé, wọn kì í gbowó. Ẹ wo àwọn àwòrán ara ògiri dáadáa. Bí dáyámọ́ńdì bá sì wù yín, tí owó wà, ẹ rà á, ẹ fi sọ́rùn, ẹ jó. Ẹ má ṣáà pe Basquiat ní ẹlẹ́rìí.