Mo Ṣí Gbogbo Ilẹ̀kùn, Èmi Nìkan Ló Há Síta

Ẹni tó bá mọ chmod 777 tí kò mọ umask, ó yẹ kí wọ́n gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bínú, ara mi ni mò ń bú. Nígbà tí mo dé Omagwa, nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ni oògùn tí mo ní fún gbogbo àìsàn sáfà, mo sì ń lò ó láìwo ojú aláìsàn.

Omagwa kì í ṣe àárín ìgboro Port Harcourt. Ìjọba ìbílẹ̀ Ikwerre ló wà, pápákọ̀ òfurufú ló sì sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí àwọn arìnrìn-àjò ń mẹ́nu bà. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù lálẹ́, tí kò fẹ́ gba Igwuruta àti Rukpokwu lọ ko sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Rumuokoro, ìtòsí ibẹ̀ ni yóò wá ibùsùn sí. Irú ilé àlejò bẹ́ẹ̀ ló gbà mí síṣẹ́. Màdáámù tó ni ín fẹ́ ètò kan tí àlejò lè fi gba yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó fowó ránṣẹ́ láti báńkì, kó sì ya fọ́tò rìsíìtì sórí ètò náà. Mo ní kékeré niṣẹ́ yìí. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

Ètò náà kò burú. Ibi tí mo ti fọgbọ́n àgbọ́njù bà á jẹ́ ni pé mo kọ ìwé àṣẹ kékeré kan (script) tí cron ń jí lóru, pẹ̀lú agbára root, ọ̀gá àgbà sáfà, láti dá fódà tuntun fún rìsíìtì ọjọ́ kejì. Fódà tí root bá dá, root ló ni ín. Àṣẹ tó máa ń bá wáyé ni 755: ẹni tó ni ín lè kà, ó lè kọ, ó lè wọlé, àwọn yòókù lè kà, wọ́n lè wọlé, wọn kò lè kọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orúkọ www-data ni Apache ń jẹ́ lórí Ubuntu, òun ló sì ń gba fọ́tò lọ́wọ́ àlejò. Láràárọ̀, àlejò àkọ́kọ́ á fi rìsíìtì ránṣẹ́, sáfà á dá a lóhùn pé "Permission denied". Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà á wá kan ilẹ̀kùn mi: "Ọ̀gá, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o."

Èmi náà á dìde, n ó tẹ 777 lé fódà ọjọ́ náà lórí, n ó padà lọ sùn. Wọ́n ń kí mi pé mo kú iṣẹ́, mo sì ń dáhùn!

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹ wo pápákọ̀ tó wà nítòsí wa. Èrò ọkọ̀ kì í kọjá ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá gbé e dé, òṣìṣẹ́ kì í kọjá ibi tí káàdì ọrùn rẹ̀ bá gbà á láyè. 777 ni pé kí a bọ́ káàdì sí ọrùn gbogbo ẹni tó wà láyìíká, títí kan ẹni tó wá ta bọ̀ọ̀lì àti ẹja lẹ́nu ọ̀nà, kí a wá ní kó máa rìn lọ síbi tí bàálù dúró sí. 4 ni kíkà, 2 ni kíkọ, 1 ni ṣíṣiṣẹ́ tàbí wíwọlé. Àpapọ̀ wọn ni 7, mo sì pín in fún onílé, ará ilé àti ẹni tó ń kọjá lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan wà nígboro tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Mo fọ́nnu fún wọn lórí fóònù. Wọ́n ní, "Àbúrò, kí ni umask ètò yẹn?" Mo ní, "Ó wà dáadáa, sà." N kò mọ̀ bóyá ẹran ni wọ́n ń bèèrè tàbí ẹja.

Òru kan wá dé tí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ fi ń kọrin títí di ìdájí. Nígbà tí ọmọbìnrin náà kan ilẹ̀kùn, ojú kan ni mo là. Mo fi sudo, tó ń yáni ní agbára root, ṣáájú, mo tẹ chmod -R 777, mo tẹ àmì ìdábùú (/), àtàǹpàkò mi kan àlàfo, mo wá tẹ var/www tẹ̀ lé e. Àlàfo kan ṣoṣo! Ó di pé gbogbo kọ̀ǹpútà ni mo ní kí sáfà ṣí sílẹ̀, láti gbòǹgbò. Ká ní rm tó ń pa fáìlì rẹ́ ni, ì bá kọ̀, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ láti má fọwọ́ kan gbòǹgbò àfi tí èèyàn bá tẹnu mọ́ ọn. Chmod kò ní irú ìtìjú bẹ́ẹ̀. Ó ṣe é.

Ohun tó dùn mí jù ni pé nǹkan ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Àlejò àárọ̀ yẹn kò dúró títí chmod fi parí gbogbo kọ̀ǹpútà. Ó tún fi rìsíìtì ránṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ chmod kan fódà wa, ó sì wọlé. Ọmọbìnrin yẹn ní "Ọ̀gá, ẹ ṣeun." Mo juwọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo pe sudo, sudo kọ̀ mí. Dennis Ritchie, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Unix sílẹ̀ ní Bell Labs, ló gbé àmì kan kalẹ̀ tó ń jẹ́ kí ètò kan fi agbára ẹni tó ni ín ṣiṣẹ́. Ọdún 1979 ni wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àmì yẹn ni sudo fi ń jẹ́ sudo, 777 mi sì ti nù ún dànù. Mo sáré gba SSH wọlé láti kọ̀ǹpútà kejì, òun náà kọ̀: kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti di ohun tí gbogbo ayé lè kà, kò sì ní lo irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ aráyé pátá, èmi nìkan ló há síta.

Màdáámù kò pariwo. Ó ránni lọ ra ìwé àjákọ, ó gbé e sórí káńtà, ó ní kí àlejò máa kọ orúkọ. Ìwé yẹn kò béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú fúláàṣì. A fi gbé kọ̀ǹpútà dìde, a kó àwọn fáìlì àti dátàbéèsì kúrò, a tún Ubuntu gbé kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí a ti ń ṣe é ni wọ́n ń là mí lóye: fáìlì tó ti wà nílẹ̀ nìkan ni chmod lè tún ṣe, umask ló ń pinnu àṣẹ tí èyí tí a kò tíì bí yóò bá wáyé. Fáìlì tuntun ń bẹ̀rẹ̀ láti 666, fódà láti 777, umask á wá gba ohun tí kò yẹ kúrò. 022 ló fún mi ní 755 láràárọ̀. A fi 002 sínú ìwé àṣẹ òru náà, a fún fódà ńlá rìsíìtì ní 2775, a sọ ọ́ di ti ẹgbẹ́ www-data, kí fódà tí wọ́n bá bí sínú rẹ̀ lè jogún ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú 775. Fáìlì tí ọ̀rọ̀ aṣínà dátàbéèsì wà nínú rẹ̀ gba 640. A tún kọ UMask=0027 sí ètò yòókù tí systemd ń gbé dìde, kí ẹni tó ń kọjá lọ má rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà díẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin yẹn kò kan ilẹ̀kùn mi mọ́. Màdáámù san owó mi, ó sì yọ owó ìwé àjákọ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó sáfà, ẹ dákun, ẹ tẹ umask kí ẹ wo ohun tó máa sọ. Tó bá jẹ́ 0000 ni ẹ rí, ẹ má pè mí o. Ẹ pe irú Ẹ̀gbọ́n yẹn.