Ta Ni Yóò Kọ́ Ọ̀gá ní Ìdúró?

Ẹ bá mi kí gbogbo ọmọ Oòduà tó ń fi ẹsẹ̀ jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé gba oyè kejì lọ́sàn-án, tí ẹ tún ń ṣọ́ ẹni tó fẹ́ jí wàrà gbé ní ṣọ́ọ̀bù lálẹ́. Ìjọba tún ti rántí yín. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2025, síkíọ́rítì tó ń ṣọ́ ilé tàbí ẹnu ọ̀nà ilé fàájì, tó sì fẹ́ tún báàjì rẹ̀ gbà, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà sí kíláàsì lọ gba ẹ̀kọ́ ìránnilétí. Wọ́n á rán an létí bí apániláyà ṣe ń rìn. Bó bá jẹ́ ti ilé fàájì, wọ́n á tún rán an létí bí wọ́n ṣe ń di oníjà mú láì ṣe é léṣe. Ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì gbọ́dọ̀ ku ọdún kan gbáko kó tó parí. Bó bá ku oṣù mọ́kànlá, ó túmọ̀ sí pé bí wọ́n ṣe ń di ọgbẹ́ ti fò lọ lórí onítọ̀hún nìyẹn. Lẹ́yìn gbogbo èyí, yóò sanwó fún SIA, àjọ tó ń fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ìwé àṣẹ, ó di ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tún rántí rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́, n kò bá ẹ̀kọ́ jà. Lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2017, bọ́ǹbù pa ènìyàn 22 ní Manchester Arena. Ẹ̀ṣọ́ kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 ti fura sí ọkùnrin tó gbé bọ́ǹbù náà ṣáájú. Ó gbé rédíò, ó pe yàrá ìdarí, kò rí wọn bá sọ̀rọ̀. Níbi òde olórin Asake ní Brixton ní oṣù kejìlá ọdún 2022, èrò ya lu ẹnu ọ̀nà, ẹni méjì sì kú. Ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ síkíọ́rítì ló wá ṣe. Kí wọ́n kọ́ ẹ̀ṣọ́, ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ibi tí ẹ̀kọ́ náà parí sí. Oríṣi ìwé àṣẹ méjì ni SIA ń fún èèyàn. Ti ẹni tó wà lójú iṣẹ́ jẹ́ káàdì, kó fi kọ́ ara kí gbogbo ayé rí i. Ti olùdarí ilé iṣẹ́ tí kì í dúró níbì kankan jẹ́ lẹ́tà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i nílé. Kíláàsì ńkọ́? Kò sí. Ìdánwò ńkọ́? Ọ̀gá ti kọjá ìyẹn. Wọ́n á wò ó bóyá òun ni òun lóòótọ́, àti bóyá ó ti dáràn rí, ó bùṣe. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí wọ́n rán ni sí. SIA ti wá ọ̀nà kẹta: ẹni tí wọ́n rán ni wọ́n ń dán wò.

Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò sì nílò ìwé àṣẹ. Ètò ìdámọ̀ kan wà, àmọ́ ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí Sir John Saunders, tó darí ìwádìí Manchester, gbé apá kìíní ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2021, ó ní kí ìjọba ro ó wò bóyá ó yẹ kí àwọn agbaṣẹ́ṣe náà máa gbàwé. Wọ́n ń rò ó. Ìrònú gidi kì í yá.

Kí ìrònú náà tó parí, iṣẹ́ ń ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ ńlá bọ́ sí ọwọ́ kékeré, kékeré ń gbé e fún ẹni tí gbogbo ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju WhatsApp lọ, kálukú sì ń bu tiẹ̀. Kí owó wákàtí kan tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣọ́nà ní Croydon, ó ti rù kan eegun.

Nítorí náà, mo ní àbá kan. Kí ọ̀gá náà lọ kíláàsì. Alẹ́ kan péré, wákàtí méjìlá, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ní Croydon, nínú oṣù kìíní. Kò sí àga. Ilé ìyàgbẹ́ wà, ṣùgbọ́n máníjà ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Tó bá di aago méjì òru, ọ̀mùtí kan á wá bi í pé ṣé ó mọ irú ẹni tí òun jẹ́, ọ̀gá á sì dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, bó ṣe wà nínú ìwé. Tílẹ̀ bá mọ́, ó kan ìṣirò: ká ní ó ti ṣiṣẹ́ wákàtí 60, tó wá rí wákàtí 44 péré lórí páyìsílípù. Kó pe ọ́fíìsì. Kó máa gbọ́ orin lórí fóònù. Ìdánwò ìkẹyìn, rédíò ni. Wọ́n á gbé èyí tí bátìrì rẹ̀ ti kú lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní kó pe yàrá ìdarí.

Ta ni yóò sanwó kíláàsì? Akẹ́kọ̀ọ́ ni, láti àpò ara rẹ̀, lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Bó bá ní owó náà ti pọ̀ jù, ẹ dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé kó má dààmú, àwọn mìíràn ti wà lórí WhatsApp tó ń bèèrè ipò rẹ̀.