Ìwọ̀n 22 ní Òkè-Afá

Ìwà òmùgọ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ yìí ti di bárakú. Bí mo bá ń fi kọ̀ǹpútà dán irin wò, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ fún líle rẹ̀, 210 GPa, bí ẹni pé irin ti búra pé òun ò ní yí padà láé. Bí n kò bá sì sọ bí ibi iṣẹ́ ṣe gbóná tó, ANSYS, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣírò, á gbà pé ìwọ̀n 22 ni lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìwọ̀n 22 ní Òkè-Afá, l'Ékòó! Àfi inú báńkì.

Wọ́n á ní ṣé tìtorí ìwọ̀n mẹ́wàá ni mo ṣe ń pariwo. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òfin ilé onírin ti Yúróòpù, EN 1993-1-2, kò dín líle irin kù rárá títí dé ìwọ̀n 100. Iná ni tèmi, kì í ṣe oòrùn. Ní 600, ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. 210 ti di nǹkan bí 65. Ẹ wo jórinjórin tó ń ṣe géètì: á kọ́kọ́ fi iná tọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á wò ó bóyá ó gún, lẹ́yìn náà lá máa jó o díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó mọ̀ pé ibi tó gbóná á wú, tó bá tutù á súnkì, á sì fa géètì wọ́. Kò ka òfin kankan. Èmi tí mo kà á, géètì inú kọ̀ǹpútà mi máa ń tọ́ gbọnrangandan ni.

Ṣé kí n wá kọ tábìlì, ooru lápá kan, nọ́ńbà lápá kejì? Mo ń kọ ọ́, ibẹ̀ gan-an ni ìwà òmùgọ̀ kejì wà. Bí tábìlì mi bá parí sí 300, tí iná dé 900, nọ́ńbà ti 300 náà ni Abaqus, ètò irú ANSYS mìíràn, á máa lò lọ. Èmi ni n kò fún un ní òmíràn. Irin mi á wá le koko nínú iná, àwòrán rẹ̀ á sì dùn-ún wò. Ti ooru tí irin ń gbà tún burú jù. Ní 20, nǹkan bí 440 joule ló ń fi ìwọ̀n kan kún ooru kílò irin kan. Ní 735, òfin yẹn kọ 5000, nítorí irin ń tún ara rẹ̀ tò nínú lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fi 440 ṣírò dé òpin á ní irin ti kọjá 735 tipẹ́, nígbà tó ṣì jókòó síbẹ̀ tó ń mu ooru bí ọ̀mùtí.

Wọ́n tún ní nọ́ńbà irin gbígbóná ṣòro rí. Ti irin tí a fi ń kọ́lé kò ṣòro, òfin yẹn tò ó dé 1200. Ọ̀lẹ ló ń dà mí láàmú. Àmọ́ fún àga inú pálọ̀, nọ́ńbà kan náà ni mo ṣì ń kọ, n kò sì ní tọrọ àforíjì.