Ẹ Fún Àwọn Sẹ́nétọ̀ ní Micra

NNPC tún ti dé o. Epo tí wọ́n ń ta ní 998 náírà l'Ékòó ní October 2024 ti di 1,025 kí oṣù ọ̀hún tó parí. Kí Ààrẹ Tinubu tó sọ ní May 29, 2023 pé sọ́bsídì epo ti lọ, lítà kan kò tó 200. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, ó ti sú mi. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn ọlọ́jíìpù àdúgbò wa ní Ìlúpéjú, tí wọ́n máa ń bi mí pé ìgbà wo ni mọ́tò Micra mi máa dàgbà. Wọ́n ti ń yọ́ wá bá mi lóru báyìí bíi Nikodémù: "Ẹ̀gbọ́n, èló ni wọ́n ń ta irú rẹ̀?"

Mi ò tà. Àwọn tó yẹ kí ẹ tà á fún wà l'Ábújá.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tí Sẹ́nétọ̀ Sunday Karimi sọ lọ́dún 2023, nígbà tí ariwo ta lórí àwọn Land Cruiser tí wọ́n rà fún àwọn sẹ́nétọ̀, tí ìwé ìròyìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó 160 mílíọ̀nù náírà. Ó ní ọ̀nà wa ló burú. Ó ní bí òun bá ti lọ sílé lẹ́ẹ̀kan, òun á náwó gan-an lórí àtúnṣe mọ́tò. Ọ̀nà burú! Ta ló ń fi sùn? Àwọn tó ń fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì títì ni títì ń yà lẹ́nu.

Ọ̀nà yẹn náà ni Micra ń gbà. Sunderland, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Nissan ti ń ṣe é títí di 2010. Lọ́dún 1993, àwọn oníròyìn mọ́tò ní Yúróòpù yàn án ní mọ́tò ọdún náà, òun sì ni mọ́tò Japan àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀hún. Ẹ́ńjìnnì òmíràn nínú rẹ̀ kò ju lítà kan lọ. Lójú tèmi, ìyá àgbà kan tó ń lọ ra búrẹ́dì ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọn ò dé Ìbàdàn rí.

N'Íbàdàn, tí wọ́n ti ń fi Micra ṣe takisí, ẹni méjì ló ń jókòó sórí àga kan ṣoṣo níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, mẹ́rin bí dẹ́rẹ́bà bá jẹ gbèsè. Ẹni tó bá bọ́ sí àárín níwájú, bírékì ọwọ́ ni tìmùtìmù rẹ̀. Kí dẹ́rẹ́bà tó wọ gíà kejì, àfi kó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ itan onítan. Tọkọtaya tó ń bára wọn jà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ iwájú Micra ní Challenge. Kí wọ́n tó dé Dùgbẹ̀, ìjà á ti tán, torí kò sí àyè tí ẹnì kan lè fi kẹ̀yìn sí èkejì. Ẹ̀lùbọ́ wà nínú bọ́ọ̀tù, okùn ni wọ́n fi de ìdérí rẹ̀. Láti 1988 tí wọ́n ti dá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága ìgbìmọ̀ wọn àkọ́kọ́, ó jọ pé ojú wọn kò tíì ṣe kòńgẹ́ irú Micra bẹ́ẹ̀.

Tèmi ò gbé èrò o, bí àwọn èrò kò tilẹ̀ gbà. Bí mo bá ti dẹ ẹsẹ̀ lórí bírékì báyìí, ẹnì kan á ti ṣílẹ̀kùn: "Palmgrove! Ẹ̀gbọ́n, mo mú ṣéńjì dání." Bí òjò bá rọ̀ sí Town Planning Way, ẹsẹ̀ mọ́tò ló ń jìyà rẹ̀. Ọjà Ladipo ni mo ń sá lọ, Belgium ni mo ń rà, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ti sin òyìnbó tán kó tó wá sìn mí. Mẹkáníìkì mi ní owó tí mo bá rí jẹ lórí epo, ẹsẹ̀ á gbà á padà. Síbẹ̀ ó ń lọ.

Mílíọ̀nù 160! Ẹ fi 70,000 tí òfin ọdún 2024 ní kí òṣìṣẹ́ máa gbà lóṣù, ó kéré tán, pín in. Àádọ́wàá ọdún ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó oṣù rẹ̀, láìjẹ, láìmu, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń tú lọ, ìsinsìnyí ló ń rówó jíìpù sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo san. Kò sì sí ẹni tí ojú ń tì!

Àwọn sẹ́nétọ̀ jẹ́ 109. Bí a bá kó wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà, Micra mọ́kàndínlógún ti gbé gbogbo wọn, àyè á tún kù fún àwọn abáni-gbé-báàgì. Kí Akpabio, olórí wọn, jókòó síwájú, láàárín, lórí bírékì ọwọ́. Kí wọ́n gba Lokoja àti Kabba, kí wọ́n lọ kí Karimi nílé. Wọn ò ní tíì dé ibẹ̀ tí owó títì á ti jáde.