Gíláàsì Bàbá Onílé

Ẹ sún fún mi kí n jókòó, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí ìdúró. Ṣé ẹ mọ gíláàsì dúdú tí ọmọ Bàbá Onílé fi ránṣẹ́ láti London, tí Bàbá fi ń yan kiri Ìkirè? Apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́! Níbi òkú kan ní Apòmù ni, ẹnìkan jókòó lé e. Mi ò ní dárúkọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ obìnrin tí dòdò Ìkirè kì í sú, dúdú dúdú yẹn, tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù dín. Òun kúkú jẹ mí lówó. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Bàbá gba ọjà Apòmù lọ. Ẹni tó ń pàtẹ gíláàsì ní òun ní apá Ray-Ban, ojúlówó. Bàbá sanwó, kò bi í ní nǹkankan. Ó délé, ihò ìdè kò bá ara wọn mu. Wọ́n fi òwú so ó. Ojú kan ń wo Ìbàdàn, èkejì ń wo Ifẹ̀!

Ọmọ Ìyá Ìbejì tó wà ní yunifásítì UNIOSUN ló gbà á wò. Ó ní tuntun ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú apá, bíi RB3025, òun ni èèyàn ń mú lọ bá ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara gíláàsì. Ti Bàbá, abẹ́ ibi tó gun imú ló wà: 58, lẹ́yìn náà 14. Mìlímítà ni: fífẹ̀ dígí kan, àti àlàfo orí imú. Ó wá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó rí lẹ́tà wínníwínní létí dígí: BL.

Bàbá Jọkẹ́ pariwo, "Kì í ṣe RB! Fèèkì ni!" Ẹ mọ̀ ọ́n, kì í lọ ibi tí wọn ò pè é.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní Bausch & Lomb ti Amẹ́ríkà ni BL, àwọn ló bẹ̀rẹ̀ Ray-Ban ní 1937. Ní 1999 ni wọ́n tà á fún Luxottica ti Ítálì, ìyẹn ló ń kọ RB. Ojúlówó pátápátá ni ti Bàbá. Apá tuntun ni kò lè bá a mu. Kí wọ́n wá òkú gíláàsì irú rẹ̀, kí wọ́n tú apá tòun ti ìdè rẹ̀.

Inú Bàbá dùn, ó ń yọ̀. Àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì.

"Ṣáájú 1999?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Bàbá tó wà ní London sọ pé tuntun lòun rà á ní ṣọ́ọ̀bù, pé owó rẹ̀ ló gbé owó òrùlé tí Bàbá ń retí lọ!

Mi ò sọ nǹkankan o. Ọjọ́ Àìkú ni ọmọ máa ń pè.