Ìyá Má-dójú-tì-mí

Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọ̀tún di báàgì tó bá gèlè mu. Òsì di ọmọkùnrin kan mú lọ́rùn ọwọ́, ọmọ tó ti ga jù ú lọ, tó ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Ọmọ náà á tó ọdún 14 tàbí 15. Ó wọ léèsì, ó dé fìlà, ojú rẹ̀ sì korò bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ orógbó tán. Ẹ gba Òjòwò kọjá ní Sátidé èyíkéyìí tí wọ́n bá ti ta kánópì dí ọ̀nà, ẹ ó bá wọn pàdé. Bí ẹ ò bá rí wọn níbẹ̀, ẹ yà sí Òkè-Àgbò, Àtìkorí, Jàpárà tàbí Òkè-Sópin: nínú àdúgbò márààrún tó para pọ̀ jẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sí èyí tí kò ní tirẹ̀. Kí ará Àgọ́-Ìwòyè má fi wá rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin náà, a mọ̀ yín.

Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyá Má-dójú-tì-mí, nítorí pé gbólóhùn yẹn ló fi ń jí ọmọ, òun náà ló fi ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Má dójú tì mí lónìí o." Ẹ ó rò pé ọmọ jalè ni, tàbí ó bú àgbà, tàbí ó gba òdo nílé ìwé. Rárá o. Jẹ́sì ló fẹ́ wọ̀ lọ sí òde ìkómọ.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa jẹ́sì náà. Ti Chelsea ni, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó kù sí ìlàjì, wọ́n sì ti fọ̀ ọ́ títí ó fi rọ̀ bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Ọmọ ń fi sùn, ó ń fi jí, ó ń fi pọn omi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á lọ́rùn rẹ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ okùn aṣọ ló máa ń jókòó sí títí tí yóò fi gbẹ. Ṣòkòtò onírọ́bà ló fi ń bá a rìn, alápò méjì: fóònù nínú ọ̀kan, ọwọ́ nínú èkejì. Ayé ọmọ náà pé, àyàfi ìyá rẹ̀.

Ìyá náà kò burú. Owó èésú tó kó ló fi ra léèsì ọmọ, kì í ṣe owó olè, kì í sì í ṣe owó ọkọ. Mo mọ èyí tó mu gààrí láìsí ẹ̀pà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan nítorí yáàdì márùn-ún (gààrí Ìjẹ̀bú ni ṣá, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìyà). Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ó mọ òwe kejì náà, pé aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá, ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn ló máa ń pa ìyẹn fún.

Ìṣòro rẹ̀ ń ti inú fóònù wá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní WhatsApp á kéde àwọ̀: lóṣù yìí, àwọ̀ àlùbọ́sà, lóṣù tó ń bọ̀, àwọ̀ ewé tútù pẹ̀lú gèlè góòlù. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ bá wọn wọ̀ ọ́. Òun ló fúnra rẹ̀ kà á mọ́ ẹgbẹ́. Ó ti rí fọ́tò ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nínú aṣọ kan náà, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, láti ọjọ́ náà kò rójú oorun sùn mọ́.

Bó ṣe gbé aṣọ náà dé ọ̀dọ̀ télọ̀ nìyí. Mo wà níbẹ̀, torí ṣòkòtò mi tó yẹ kó ti jáde láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. "Bọ̀dá Télọ̀, ẹ bá mi rán agbádá, bùbá àti ṣòkòtò fún un. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ o, ọmọ ń dàgbà." Gbólóhùn yẹn ti ba aṣọ jẹ́ nílẹ̀ yìí ju kòkòrò lọ. Òótọ́ ni pé ọmọ ń dàgbà: nígbà tí ara ọmọkùnrin bá ń yára jù, ó lè fi íńṣì mẹ́ta sí mẹ́rin ga sí i láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ara ọdún tó ń bọ̀ ni ìyá yìí ń rán aṣọ fún, ara ọdún yìí ni yóò wọ̀ ọ́. Ọmọ á wọ àgọ́ lọ́dún Àjíǹde. Nígbà tí àgọ́ náà bá fi máa bá a mu, Kérésìmesì ti dé, ẹgbẹ́ sì ti kéde àwọ̀ tuntun.

Ọ̀rọ̀ léèsì fúnra rẹ̀ ń kọ́? Èyí tí àwọn ìyá wa ń fi yangàn jù, tí wọ́n ń pè ní ojúlówó, láti Austria ló ti ń wá. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣẹ́-ọnà ẹ̀rọ ìlú Lustenau, ní agbègbè Vorarlberg, ti ń ṣe é fún àwọn oníbàárà wọn ní Nàìjíríà. Ní 2010, wọ́n tilẹ̀ ṣe àfihàn rẹ̀ nínú ilé àkójọ ohun àjogúnbá kan ní Vienna, kí àwọn ará ilé wọn lè mọ ohun tí wọ́n ti ń ṣe fún wa. Lẹ́sẹ̀ òkè tí yìnyín máa ń bò ni wọ́n ti ń ṣe aṣọ yìí o. Abẹ́ kánópì ní Òjòwò, lágogo méjì ọ̀sán, ni ọmọ yóò ti wọ̀ ọ́, pẹ̀lú agbádá lókè rẹ̀. Ẹ̀yìn iṣẹ́ ọnà rẹ̀, níbi tí okùn ti so kókó, ló kọjú sí ara. Àwa àgbà kì í mọ̀ ọ́n lára, torí àwọ̀tẹ́lẹ̀ wa nípọn, ojú ayé sì ti gba gbogbo ọkàn wa. Ọmọ mọ̀ ọ́n lára. Bó bá ní "Mọ́mì, ó ń gún mi," èsì tí yóò gbà ni pé, "Aṣọ olówó iyebíye ló ń gún ẹ yẹn."

Nígbà tí àwíjàre ìyá bá sì tán, á fa Ojúde Ọba yọ. Kí 1900 tó dé ni àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba lẹ́yìn Iléyá. Ọpẹ́ náà ló di ọjọ́ kẹta Iléyá tí gbogbo ayé ń wá wò ní Ìjẹ̀bú-Òde lónìí, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, lọ́kùnrin lóbìnrin nínú aṣọ òkè, àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin. Ní oṣù kẹfà 2024, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbẹ̀, pẹ̀lú awò dúdú lójú àti sìgá ńlá lọ́wọ́, yí ayé ká lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà ni ọmọkùnrin tó kórìíra ìmúra kò ti ní àlàáfíà mọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú.

"Ṣé o rí bí wọ́n ṣe múra? Ṣé ìwọ kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú ni?"

Mo gbọ́ èsì ọmọ náà létí ara mi, ó sì ronú kí ó tó sọ ọ́. "Mọ́mì, orí ẹṣin ni wọ́n wà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wọn. Èmi, àárín èèyàn mẹ́rin lẹ máa há mi mọ́ nínú mọ́tò. Kò sì sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀."

Ẹ má fojú kékeré wo gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Òde tí ìyá bá mú ọmọ lọ, kì í jókòó. Ńṣe ló ń mú un káàkiri bí ẹni ń polówó ọjà. "Wá kí Ìyá Ìjọ. Wá kí Bàbá Alága. Ìwọ, dọ̀bálẹ̀ dáadáa!" Ẹ gbìyànjú àtidọ̀bálẹ̀ nínú agbádá tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, apá agbádá ṣáájú ọmọ dé ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ bo orí, fìlà yí gbirigbiri lọ sábẹ́ tábìlì àwọn onílù. Nínú òkùnkùn aṣọ yẹn ni ọmọ náà ti kí Bàbá Alága pé ẹ kú ìnáwó. Gbogbo kánópì rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fa etí rẹ̀, ó ní, "Ṣé mo sọ fún ẹ?"

Bàbá ọmọ wà níbẹ̀. Bùbá kàmpálà kan ló wọ̀, èyí tó ti ṣá lọ́rùn, tó ti ń wọ̀ láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà: ibi tí ẹjọ́ ọmọ yìí wà gan-an nìyẹn. Aṣọ àgbà ni wọ́n ń kó fún un, àkísà ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Télọ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó jọ pé ó sú u láti máa tú aṣọ ọmọ kan náà tún rán. Ó ní kí ìyá jókòó, ó kọjú sí ọmọ, ó bi í pé, "Ibo ló ń dùn ẹ́ nínú rẹ̀?" Ẹnikẹ́ni kò bi í rí. Ọmọ náà kọ́kọ́ wo ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ló là á sílẹ̀: ọrùn le jù, abẹ́ apá ń há, okùn ṣòkòtò ń gé e nídìí, fìlà ń fún un lórí títí orí fi ń fọ́ ọ, kò sì sí àpò. Télọ̀ ní kí ìyá wá fi léèsì pamọ́, kí ó ra kàmpálà olówùú láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, aláwọ̀ aró tó dúdú dáadáa, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí abẹ́rẹ́ tó kàn án, kó lè sún kì tán, kó sì rọ̀. Kò fi gọ́ọ̀mù sí ọrùn bùbá rárá. Ó la ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó lè gba afẹ́fẹ́, ó fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ ní ìdí. Ó fi àpò sí ṣòkòtò, ó fi rọ́bà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó jẹ́ kí iwájú tẹ́ pẹrẹsẹ, bí bùbá bá ti bò ó, ojú kò lè mọ̀. Ó fi tépù wọn orí ọmọ: fìlà àtẹ̀yìnwá, ọjà Òkè-Ajé ni ìyá ti ń rà á wá ní ìfojúwọ̀n. Àwọ̀ ẹgbẹ́ ńkọ́? Ó gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lára léèsì náà, ó fi ṣe ojú àpò àyà, ó fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́ tẹ́ abẹ́ rẹ̀.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?" ni ìyá wí. Ó ní ó kéré tán, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya nǹkan sí i lọ́rùn. Télọ̀ gbà, ṣùgbọ́n ọmọ ló mú àwọ̀ okùn, funfun lásán.

Ọmọ wọ̀ ọ́ lọ sí òde ìgbéyàwó kan ní Òkè-Àgbò. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, fìlà rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ó jẹ ìrẹsì abọ́ méjì, kò bi ẹnikẹ́ni pé ìgbà wo la máa lọ sílé. Nígbà tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ń bèèrè ẹni tó dá irú àrà bẹ́ẹ̀ sí aṣọ ọmọdé, Ìyá Má-dójú-tì-mí tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní òun fúnra òun lòun yan stáìlì. Mo wo télọ̀, télọ̀ wo àwo ẹran rẹ̀.

Ọmọ fi aṣọ náà sùn lóru ọjọ́ yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi lọ pọn omi, garawa kan lọ́wọ́, ọwọ́ kejì nínú àpò. Ohùn ìyá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa lódìkejì ọ̀nà: "Aṣọ òde lo fi ń pọn omi? Má dójú tì mí o!"

Ṣòkòtò tèmi kò tíì jáde. Télọ̀ ní kí n wá lọ́jọ́ Ẹtì.